Ẹ Bá Wa Kí Ọmọ Òmù Tó Wà ní Houston

Ẹ̀yin ọmọ Olómù tí ẹ ń gbé Houston, mo kí yín o. Ẹ kú ooru, ẹ kú òtútù, ẹ kú àìmọ èyí tí ẹ ó dì mú nínú méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wálé ọdún ní Òmù-Àrán lẹ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ó jókòó síta ilé bàbá yín, ẹ ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré, ẹ ó máa fẹ́ ara yín, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ará ibí yìí, báwo lẹ ṣe ń rí i ṣe ná? Láti ìgbà tí mo ti wà ní Texas, n ò rí i kí iná ṣẹ́jú rí." A ó kàn máa wò yín ni. Iyán wà lẹ́nu yín, a kì í sì í bá ẹni tó ń jẹ iyán jiyàn.

Àmọ́ Ọlọ́run kì í sùn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, iná Texas ṣẹ́jú. Kó tó la ojú padà, àwọn mìíràn ti lo bí ọjọ́ mẹ́rin nínú òkùnkùn. Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé n ò ní rẹ́rìn-ín, nítorí àbúrò rẹ̀ wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú rọra ròyìn ẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá mi rẹ́rìn-ín tèmi.

Ìjì òtútù kan tí wọ́n sọ ní Uri ló gbéra láti òkè àríwá, tó wọ Texas láàárín ọjọ́ kẹtàlá sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà. Káúńtì 254 ló wà ní Texas, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí wọn ò kìlọ̀ fún pé ojú ọjọ́ máa burú. Yìnyín bọ́ sí Dallas, ó bọ́ sí Austin, ó bọ́ sí Houston, ó tilẹ̀ lọ tẹ́ aṣọ funfun sí etí òkun ní Galveston, níbi táwọn èèyàn ti máa ń bọ́ra sílẹ̀ yá oòrùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún máa fi mọ́ ní Houston, òtútù ti já sísàlẹ̀ òdo, ó ti lé ní 10 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwa tí a wà níhìn-ín, bí ọyẹ́ bá le dójú ẹ̀, tó bá wa wá sí 16 lókè òdo, wòlíì á ti máa lu agogo kiri pé ẹ ronú pìwà dà.

N ò sọ pé àwa là mọ òtútù í gbà o. Ọyẹ́ Òmù-Àrán ń la ètè, ó ń la gìgísẹ̀, bí èèyàn ò bá sì fi òrí para, awọ ara á máa fọ́n dànù. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwọn ọlọ́kadà wa láàárọ̀ oṣù kejìlá. Ẹni tó ń kó èrò ní gáréèjì á wọ kóòtù òkìrìkà tó nípọn, tó ní irun lọ́rùn, tí wọ́n kọ orúkọ òkè yìnyín kan ní Amẹ́ríkà sí lẹ́yìn gàdàgbà gadagba. Á dé fìlà onírun, á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìborùn ìyàwó ẹ̀ wé imú. Ojú nìkan ló máa kù síta tó fi ń wo owó. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ló fi owó gọbọi ra kóòtù yẹn, tó wọ̀ ọ́ títí tó sú u, tó kó o dànù. Kóòtù wọkọ̀ ojú omi, ó dé Kùtọnu, ó bá fàyàwọ́ wọlé, ó dé Òmù. Nígbà tí Uri wá dé, tí ọmọ Òmù tó wà ní Houston sáré lọ ṣí ibi tó ń kó aṣọ sí, kí ló bá níbẹ̀? Àǹkárá ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi, agbádá, ṣòkòtò péńpé, àti sùẹ́tà kan báyìí tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ amúlétutù jù. Àwa tí a ò ní yìnyín la ní kóòtù. Ẹ̀yin lẹ ní yìnyín, ẹ wá gbé agbádá lé agbádá bí egúngún.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí n ò ní dárúkọ. Òun náà á ka èyí, á sì mọ ara ẹ̀. Aago méjì òru ní ọ̀dọ̀ tiwọn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ wa, ló pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Mọ́tò ló jókòó sí, torí inú mọ́tò nìkan ló ti lè rí fóònù ẹ̀ ṣáàjì. Màmá gbé fóònù sórí sípíkà, gbogbo agbo ilé sì ń gbọ́.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Kò síná."

"Níbo?"

"Níbí náà ni, mà. Ní Houston."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé o ti san owó iná ẹ?"

"Mo ti san án, mà."

"Jáde, lọ wo ojúlé kejì. Ṣé tiwọn wà?"

"Kò sí, mà. Gbogbo àdúgbò ni."

"Ó dáa, fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ tìẹ nìkan ni à bá máa bẹ̀rù. Omi ńkọ́?"

"Ó ti dì sínú páìpù, mà."

"Kànga ńkọ́?"

"Kò sí kànga, mà."

"Nínú ilé tí o ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ yẹn? Ilé tí o ní ilé ìwẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilé ìwẹ̀ mẹ́rin, kànga kan ò sí." Màmá yí sí àwọn tó jókòó. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan."

Ibi tí ọ̀rọ̀ páìpù yìí ti wá yé mi ni pé àwọn tó ń kọ́lé ní Texas ò retí òtútù rárá. Ooru ni wọ́n ń bá jà látọdún dé ọdún, nítorí náà wọ́n á gbé páìpù omi gba òkè àjà, wọ́n á gbé e gba inú ògiri ìta, wọn ò ní fi nǹkan kan wé e. Omi tó bá sì dì máa ń tóbi sí i, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Páìpù ò lè fẹ̀ sí i, ó bá bẹ́. Ẹni tí páìpù ẹ̀ bẹ́ ò tètè mọ̀, torí yìnyín dí ojú ibi tó bẹ́. Ìgbà tí oòrùn bá yọ, tó ń dúpẹ́ pé wàhálà ti tán, ni àjà á ya lé e lórí, tí omi tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí á dà bò ó lórí àga olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ní kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, nígbà tí kò sí iná tí wọ́n máa fi sè é.

Omi ṣáláńgá ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ọmọ wa tó gboyè ìjìnlẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní dókítà, gbé báàkẹ́ẹ̀tì jáde lọ bu yìnyín níwájú ilé, ó gbé e wọlé, ó jókòó tì í kó yọ́. Báàkẹ́ẹ̀tì yìnyín kan, tó bá yọ́ tán, omi ìsàlẹ̀ báàkẹ́ẹ̀tì ló máa kù. Ó bu mìíràn. Aládùúgbò ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó náà ń bu tiẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, kálukú ò wo ojú ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni adùn wà. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ní Amẹ́ríkà ló so wáyà iná wọn pọ̀ mọ́ra, apá ìlà oòrùn lọ́tọ̀, apá ìwọ̀ oòrùn lọ́tọ̀, kí ẹni tí tiẹ̀ bá lọ lè rí ti ẹnìkejì yá. Texas kọ̀. Ní ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó fún un láṣẹ lórí iná tó bá ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn oníná Texas ní kò burú, tiwa ò ní kọjá ẹnubodè, kò ní sí ẹni tó máa pàṣẹ fún wa. Bí baálé ilé kan ṣe máa gbẹ́ kànga tiẹ̀ sínú ọgbà, tó máa ti géètì, tó máa ní òun ò fẹ́ kí ará àdúgbò kankan wá pọnmi lọ́dọ̀ òun, òun náà ò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀ títí kànga fi gbẹ. Ní ọjọ́ tí yìnyín dé, iná Oklahoma lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn àti ti Louisiana ò bàjẹ́ tó tiwọn, wáyà tó lè gbé èyí tó já mọ́ nǹkan wá ni ò sí.

Gáàsì ni Texas fi ń yangàn lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní i lábẹ́ ilẹ̀ ju ibi tí wọ́n máa kó o sí lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì láti inú kànga rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ amúnáwá, iná ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n wá ń já iná àwọn èèyàn láti fi rọra lò ó, wọ́n já ti ẹ̀rọ gáàsì mọ́ ọn. Ẹ tún un kà: wọ́n paná gáàsì kí iná má baà tán, iná wá ń tán torí pé gáàsì ò dé. Mo ti ń gbé Nàìjíríà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò tíì gbọ́ irú ìyẹn rí, ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Gómìnà Greg Abbott jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn ṣe iná. Lóòótọ́, àwọn kan nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà dì gbagidi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ṣèwádìí tán, gáàsì ló jẹ̀bi jù. Afẹ́fẹ́ ò ní lọ́yà, gáàsì ní.

Bí wọ́n ṣe sọ fún wa lẹ́yìn náà, òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Iná wọn gbọ́dọ̀ máa lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá já wá sísàlẹ̀ 59.4, tó sì pẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, àwọn ẹ̀rọ amúnáwá á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Texas ló máa ṣókùnkùn, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí wọ́n tó tún un tàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 37 péré ló kù kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ròyìn ẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Mo ní, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fi gírídì iná yín há sí bèbè fún odidi ìṣẹ́jú mélòó kan, kò ṣubú? Tiwa á ti ṣubú, á ti dìde, á ti tún ṣubú, olùdarí á ti ka ìwé ìtọrọ àforíjì, kí omi ẹ̀kọ tó hó. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹsẹ̀ gírídì Nàìjíríà yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ò fi kà á mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti Sẹ́nétọ̀ wọn, Ted Cruz. Nígbà tí ojú ń pọ́n àwọn tó dìbò fún un, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó wọ bàálù, ó di Cancún ní Mẹ́síkò, níbi tí oòrùn ti ń ràn yọ̀ọ̀. Àwọn èrò inú pápákọ̀ òfúrufú ya fọ́tò ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ti padà, ó ní àwọn ọmọbìnrin òun ni wọ́n ní kí àwọn lọ. Àgbà tó di ẹ̀bi ru ọmọ ẹ̀! Èyí tó wá fi ata sí i ni pé wọ́n fi ajá wọn sílẹ̀ nílé, oníròyìn kan sì lọ ya fọ́tò ajá náà níbi tó ti ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Snowflake lorúkọ ajá. Wọ́n sá fún yìnyín, wọ́n fi yìnyín ṣọ́lé. Ká ní Òmù-Àrán ni, orin rẹ̀ ì bá ti gba ìgboro kí bàálù ẹ̀ tó balẹ̀, àwọn obìnrin ilé ì bá sì ti máa fi ajá yẹn júwe ọkọ aláìnífẹ̀ẹ́.

Máyọ̀ ìlú kékeré kan níbẹ̀, Colorado City, tún wá kọ ọ́ sórí Facebook pé ìjọba ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iná tàbí omi, kí kálukú lọ wá nǹkan ṣe sí tiẹ̀. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibí ni mo ti rí i pé òṣèlú wọn ò tíì gbọ́n. Tiwa ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Tiwa á ní iná ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní transifọ́má ti wà lójú ọ̀nà, á sì wà lórí ipò títí ọmọ ẹ̀ á fi gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí n má parọ́, èèyàn dáadáa wà níbẹ̀. Jim McIngvale tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga, tí gbogbo Houston mọ̀ sí Mattress Mack, ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí ẹni tí òtútù bá ń pa wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún fún wọn lóúnjẹ. Mo gbọ́ pé ọmọ wa kan débẹ̀, ó sùn, ó jí, ó ní orí bẹ́ẹ̀dì yìí mà dùn o, èló ni jálẹ̀ ẹ̀? Wọ́n ní ẹ sùn, sà, a ò tajà lónìí. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ èló ni jálẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀ níbí o. Èèyàn 246 ni ìjọba Texas kà pé ìjì náà pa. Òtútù ló pa púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ arúgbó. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé èéfín ló pa wọ́n, èéfín èédú tí wọ́n gbé wọlé láti yáná, èéfín mọ́tò tí wọ́n tàn sílẹ̀ nínú gáréèjì tó wà ní títì. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn kì í rùn, ẹni tó ń fà á ò sì ní mọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ń sọ fún Màmá pé òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìyanran wá sí pálọ̀, ohùn Màmá yí padà kíá. Ó ní, "Gbé e síta! Òde la ti ń dáná èédú. Kí lo kà ní yunifásítì?" Ó gbé e síta. Ó wà láàyè títí dòní, ó sì tún ti ń ṣe fọ́nńté.

Bílì ló kàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n bá ń ta iná lọ́jà lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Griddy ló sì ń bá wọn ṣe é. Nígbà tí nǹkan dáa, ó pọ́ọ́kú, wọ́n ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀sín. Yìnyín dé, ìjọba jẹ́ kí iye iná gun dé òkè téńté tí òfin gbà nígbà náà, $9,000 fún megawatt kan fún wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wálẹ̀: dọ́là mẹ́sàn-án fún yúníìtì kan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì rí bílì $16,752 gbà. Àwa níbí, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, a ké, a gbàwẹ̀, a pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. A mọ̀ nípa krésì bílì, wọ́n ń fún ẹni tí ò ní iná ní bílì iná. Àmọ́ kí wọ́n fún èèyàn ní bílì ilé odidi kan fún ọjọ́ mélòó kan péré, ẹ̀yin ará Texas, ẹ ti kọ́ ti iwájú sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atlanta, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní tiyín lọ́wọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 2014, yìnyín tí kò ju ínṣì 2.6 lọ ló bọ́. Ilé ìwé, ọ́fíìsì, ìjọba, gbogbo wọn ló ní kí èèyàn máa lọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ṣẹlẹ̀, ti Òjótà kọ́. Àwọn kan lò ju wákàtí méjìdínlógún lọ nínú mọ́tò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé sùn sílé ìwé, obìnrin kan bí ọmọ sójú títì. Àwọn baba ńlá àwa Ìgbómìnà ní ogbó, àdá tó mọ ọ̀nà. Google Maps lẹ̀yin ní, ó sì mọ ọ̀nà náà o, ẹsẹ̀ mọ́tò ni ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, ìlú àwọn tó jókòó pẹ̀lú yìnyín láti ọjọ́ aláyé ti dáyé? Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 2009, wọ́n kó gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú wọlé. Ṣáájú ìyẹn, ní 1991, ọkọ̀ ojú irin wọn dúró pa, ọ̀gá wọn sì wá ṣàlàyé lọ́nà tí gbogbo èèyàn fi gbọ́ ọ sí pé irú yìnyín tó bọ́ kọ́ ni irú èyí tí àwọn múra sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ó jọ pé àwọn ló kọ́ oníná wa níṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀, òjò ló já wáyà. Bí òjò ò bá rọ̀, omi Kàìnjì ló fà.

Ẹ ti rí i pé mo ń pọ́n wọn lójú. Kí àwa náà tó fọ́nnu jù, ẹ rántí pé Sàhárà ni ọyẹ́ wa ti ń wá, yìnyín sì bọ́ sí Sàhárà lóṣù kejìlá 2016, sórí iyanrìn pupa Aïn Séfra ní Àlgéríà. Ó tún padà wá lóṣù kìíní 2018. Kò ní ju pé kí atẹ́gùn ṣìnà. Mo ti jókòó ro bó ṣe máa rí bó bá bọ́ sí Òmù-Àrán, mo sì mọ̀ ọ́n délé.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ò ní bẹ̀rù. Wọ́n mọ yìnyín tó ń bá àkọ́rọ̀ òjò wá. Bó bá ti ń ró gbàgbàgbà lórí páànù, wọ́n á gbé báàsìn síta, wọ́n á máa rún un lẹ́nu. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá oníkùnú á ti da mílíìkì àti ṣúgà sí i, á ti dì í sí ọ̀rá, igba náírà. Ọlọ́kadà á ti sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí "ọ̀nà ò dáa", ọ̀nà tí kò dáa tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó tó ń kàwé ní Yunifásítì Landmark níbí á ti dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀ ya fídíò, wọ́n á máa kígbe pé ibi tí àwọn òbí àwọn rán àwọn wá rèé. Wòlíì á ní òun ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àìsùn. Ààfáà á ní ó wà nínú ìwé. Káńsẹ́lọ̀ kan á ti gbé pátákó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, fọ́tò ẹ̀ gbàgàdà, tó ń kí wa kú oríire yìnyín àkọ́kọ́ lábẹ́ ìṣàkóso wọn. Ará Òró á ní ọ̀dọ̀ àwọn ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ará Àjàṣẹ́-Ìpo á ní àwọn ni wọ́n rán an wá.

Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ nìkan ni ò ní gbọ̀n. Wọ́n lé ní 800, wọ́n sì ti wà lábẹ́ òrùlé láti 1945 tí wọ́n ti kọ́ mùsíọ́ọ̀mù fún wọn, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pa ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: mo fura pé àwọn àlejò tí kò múra òtútù wá ni.

Houston tún rí yìnyín ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní 2025, ọjọ́ kan náà tí New Orleans gba ínṣì mẹ́jọ. Wọ́n ti pápákọ̀ òfúrufú Houston méjèèjì. Iná ò lọ bíi ti Uri. Àmọ́ ojú ọmọ wa ti já, torí kí ọjọ́ yẹn tó dé ni ìjì Beryl ti já iná ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní oṣù keje 2024, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ti lọ ra jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, jẹnẹrétọ̀. Ní Amẹ́ríkà.

Ó tàn án lọ́jọ́ tí yìnyín dé láti fi dánra wò, kò dáhùn. Òyìnbó tó máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun tó ráyè. Ló bá gbé fóònù, ó fi fídíò pe rípiárà kan nídìí gáréèjì wa níhìn-ín, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Yí fóònù sísàlẹ̀. Sísàlẹ̀. Ṣé o rí pílọ́ọ̀gì yẹn? Tú u. Rárá, fi sípánà tú u, má fi ọwọ́ tú u. Gbé e wá sí ojú fóònù. Háà! Ìgbà wo lo ti da epo sí jẹnẹrétọ̀ yìí?"

"Láti oṣù keje."

"O ò tàn án látìgbà yẹn?"

"Iná wà."

"Iná wà!" Ó yí sí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, ó ní iná wà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Da epo yẹn nù, ó ti kú, bu tuntun sí i. Fi pépà onírínrín ha ẹnu pílọ́ọ̀gì yẹn. Fẹ́ ẹ. Fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò ní pa ẹ́. Dá a padà. Tan epo, fa ṣóòkì síta, fà á."

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kò dún. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Ìgbà kẹta, ó bú gbàù, gìlóòbù ilé tàn, gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí fóònù ní Òmù-Àrán sì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọ̀pù Nẹ́pà!"

Rípiárà ní owó iṣẹ́ òun jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ṣé a kì í ṣe ará ilé kan náà ni?" Ó ní ará ilé ni wá lóòótọ́, òun ti yọ tará ilé kúrò nínú ẹ̀, igba ni ì bá jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, òun máa fi ránṣẹ́ nísinsìnyí. Kò tíì dé títí dòní. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.